Ẹ́ńjìnnì Dísù Nínú Land Rover Àtijọ́

Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Òṣogbo. Ọ̀nà ọ̀dà dé ìlú méjèèjì, ọkọ̀ èrò sì ń lọ, ó ń bọ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n iṣu kì í ta sí ẹ̀bá ọ̀nà ọ̀dà. Oko ni iṣu ń ta sí, oko náà ni ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà. Ọ̀nà tí ó sì lọ sí oko, ọ̀nà amọ̀ ni, tí òjò ń sọ di ẹrẹ̀, tí àwọn ìṣàn kéékèèké tí ń wọ́ lọ sínú odò Erinlẹ̀ sì ń gé kọjá. Nítorí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà. Èyí tí ojú àwọn àgbà mọ̀ jù lọ nínú wọn ni Land Rover.

Land Rover àtijọ́ ní àléébù kan. Epo pẹtiróòlù ni púpọ̀ nínú wọn ń mu, ó sì ń mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi máa ń tẹ̀ lé ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ǹjẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù inú rẹ̀ kò ṣeé yọ, kí wọ́n sì fi ti dísù rọ́pò rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ti ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní àgbáyé, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Ohun tí ó le ni ìbéèrè kejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí bi mẹkáníìkì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì tuntun bá ti mú ọkọ̀ náà lọ, kí ni yóò dá a dúró?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí ènìyàn mọ irú ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé ní ìlú Amsterdam. Irin kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, nítorí náà páànù tí kì í dípẹtà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Irin gidi ni ṣásí rẹ̀, irin gidi sì ń dípẹtà. Ọkọ̀ náà tàn ká ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ní Nàìjíríà, ọlọ́pàá lò ó, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn lò ó, àwọn tí ń ṣe ọ̀nà lò ó. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ Leyland Nigeria ní Ìbàdàn ń to Land Rover pọ̀ ní ilé níbí. Nígbà tí ìjọba bá lo ọkọ̀ wọ̀nyí tán, gbàǹjo ni wọ́n ń lọ, láti gbàǹjo ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò gẹdú.

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, láti ọdún 1958, ni ti sílíńdà mẹ́rin tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,286 sísì, tí agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 77. Ní ọdún 1961, ilé iṣẹ́ náà gbé ti dísù jáde, òun náà sílíńdà mẹ́rin, òun náà 2,286 sísì, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 62 péré ni ó ní. Ènìyàn lè béèrè pé kí ni àǹfààní ohun tí agbára rẹ̀ dín kù.

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí dísù ṣe ń jó. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì ni ó sì ń ta iná sí i. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà wọlé, ó sì ń fún un pọ̀ títí tí yóò fi gbóná ju 500 dígírì lọ. Ìgbà náà ni nọ́sù yóò tú epo sí i bí ìkùukùu, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Nínú Land Rover pẹtiróòlù, ohun tí ó tó ife méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n ń fún di ife kan. Nínú ti dísù, ife 23 ni wọ́n ń fún di ife kan. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ́ńjìnnì náà, ni ó ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ yọrí sí rere ní ọdún 1897. Ní ibi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1900, epo ẹ̀pà ni wọ́n fi gbé ọ̀kan nínú irú ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú àwọn òǹwòran kò sì mọ ìyàtọ̀.

Nítorí pé ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì dísù ń rí iṣẹ́ púpọ̀ gbà lára epo díẹ̀, agbára rẹ̀ sì ń jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí ọ̀nà oko ń fẹ́ gan-an nìyí, nítorí kò sí ẹni tí ń sáré nínú ẹrẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà: bí ọkọ̀ bá ń la omi kọjá ní àkókò òjò, kò sí wáyà púlọ́ọ̀gì tí omi yóò ta sí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú láàárín odò. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ má ṣe fi èyí ṣe ìgbéraga. Bí omi bá gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà dísù, omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Apá písítìn ni yóò tẹ̀, owó ńlá sì ni yóò jẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ́ńjìnnì tí ènìyàn lè fi sí Land Rover náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí ó rọrùn jù ni ti Land Rover fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù 2,286 àti ti dísù 2,286 ṣe wọ́n bí ìbejì. Ibi tí ọ̀kan gbé ń jókòó náà ni èkejì ń jókòó, ojú bóòtù tí ó so ọ̀kan mọ́ gíábọ́ọ̀sì náà ni ó ń so èkejì. Ìyọnu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n kò yára rárá, ẹni tí ó bá sì ti mọ adùn agbára ẹṣin 77 yóò rojọ́.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní 200Tdi, tí ó jáde nínú Land Rover Discovery ní ọdún 1989. Ìran kan náà ni òun àti ti àtijọ́, ó sì ṣeé dè mọ́ gíábọ́ọ̀sì àtijọ́ láìsí wàhálà púpọ̀. Agbára rẹ̀ lé ní ti ẹṣin 100, nítorí pé ó ní tọ́bò tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yàn. Ewu tirẹ̀ ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ẹ̀kẹta ni kí ènìyàn lọ wá ohunkóhun tí ó bá rí ní ọjà ohun èlò ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìbáà ṣe Ararọmi ní Gate, Ìbàdàn, ìbáà sì ṣe Ládípọ̀ ní Mushin, ní Èkó. Irú èyí náà kì í ṣe ohun àbùkù. Àwọn ọmọ ogun Australia fúnra wọn fi ẹ́ńjìnnì Isuzu 4BD1, tí ó jẹ́ lítà 3.9, sínú Land Rover tí wọ́n ń lò láti ọdún 1987, àwọn ọkọ̀ náà sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ti wọn gbogbo ohun tí ó kàn án kí wọ́n tó gé irin, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ojú wọ̀n lábẹ́ igi.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi èyí hàn. Àgbẹ̀ tí ó mọ katakata Massey Ferguson mọ ẹ́ńjìnnì Perkins 4.203, ó sì mọ̀ pé kì í kú bọ̀rọ̀. Kò ṣòro kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ronú pé kí wọ́n gbé e sínú Land Rover. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún katakata kì í yí ju nǹkan bí ìgbà 2,250 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní gíà tí ó ga jù nínú Land Rover àtijọ́, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún àti ààbọ̀ kí táyà tó yí ní ẹ̀ẹ̀kan, táyà náà kò sì rìn ju nǹkan bí mítà méjì àti ààbọ̀ lọ bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ọkọ̀ náà kò ní lè sáré ju nǹkan bí 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń yí dé 4,000 yóò dé 100 kìlómítà pẹ̀lú gíà kan náà. Lójú ọ̀nà oko, 60 tó, ó sì ṣẹ́ kù. Lójú ọ̀nà Òṣogbo, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Wàyí o, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ kò kan ẹ́ńjìnnì rárá. Kí wọ́n fi òòlù kan ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí sípíríìnì ti so mọ́ ọn. Bí òòlù bá dún ketekete, ó dára. Bí ó bá dún bí ẹni lu páálí, wẹ́dà ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹ́ńjìnnì dísù wúwo, ó sì ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n rẹ̀ ni yóò fi ibi tí ó ti jẹrà hàn lọ́jọ́ tí kò dára. Ìdí kan náà ni ó fi yẹ kí sítì ẹ́ńjìnnì jẹ́ rọ́bà tí ó nípọn, kí ó má jẹ́ irin lórí irin. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ìran mìíràn ni, àwo irin tí yóò so ó pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ tọ́nà tí ó ní ẹ̀rọ gidi wá, nítorí pé bí àárín ẹ́ńjìnnì àti àárín gíábọ́ọ̀sì bá yà sí ara wọn ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí, bíárìn gíábọ́ọ̀sì yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ.

Rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi tó. Táǹkì epo gbọ́dọ̀ di fífọ̀ mọ́ tónítóní, nítorí pé epo dísù ni ó ń fi òróró sí ara pọ́ńpù tí ń ti epo sí nọ́sù. Pẹtiróòlù tí ó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ ń gbẹ ara rẹ̀ ni. Páìpù kejì gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa dá epo tí ó ṣẹ́ kù padà sí táǹkì. Asẹ́ epo tí ó lè ya omi sọ́tọ̀ kò ṣeé má ní, nítorí pé dísù inú jálá kì í fìgbà gbogbo mọ́. Fún rewáyà, ohun méjì ni: dísù ń fẹ́ bátìrì tí ó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù ńlá sì lè jẹ́ ti 24 fóòtì, nígbà tí ọkọ̀ náà jẹ́ ti 12. Kọ́kọ́rọ́ nìkan kò sì lè pa ẹ́ńjìnnì dísù bí wọn kò bá ṣe ọ̀nà tí kọ́kọ́rọ́ yóò fi dá epo dúró. Okùn ìpa-ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tètè tó o.

Títí dé ibí yìí, mẹkáníìkì tí ó bá gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fojú fò ni bíréèkì.

Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà ní ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí, tí ó ń tì. Nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sáré, ìlẹ̀kùn náà á tì, ẹ́ńjìnnì á sì máa fa afẹ́fẹ́ tí kò rí fà. Fífà náà ni wọ́n so mọ́ abọ́ dúdú ńlá tí ó wà níwájú pẹ́dà bíréèkì, kí ó lè máa ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní ìlẹ̀kùn yìí. Epo tí ń wọlé ni wọ́n fi ń mú un sáré, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, wọ́n ti yọ ìrànwọ́ bíréèkì pẹ̀lú rẹ̀, àfi bí wọ́n bá fi pọ́ńpù afafẹ́fẹ́ sí i. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì dísù ni wọ́n ti fi pọ́ńpù náà sí lára, nígbà mìíràn lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń gbaná sí bátìrì, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tú ẹ́ńjìnnì tà lè ti yọ ọ́ tà lọ́tọ̀. Awakọ̀ tí kò mọ̀ yóò rò pé pẹ́dà kàn le díẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, yóò dúró. Nígbà tí ó bá ru ogójì ebè iṣu àti ènìyàn mẹ́jọ lórí rẹ̀, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan kò ní tó.

Bíréèkì ọwọ́ ń kọ́? Nínú Land Rover àtijọ́, kì í ṣe táyà ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú. Ṣáfùtì tí ó ń lọ sí ẹ̀yìn ni ó ń dì mú, lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì. Láti ibẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì inú áàsìlì ni ó so ṣáfùtì náà mọ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Àwọn irin yìí, pàápàá nínú èyí tí ó kúrú, ni ibi tí ọkọ̀ náà ti rọ. Agbára ẹṣin 77 ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n, wọ́n sì máa ń ṣẹ́ nígbà mìíràn lábẹ́ ìyẹn pàápàá. Ewu 200Tdi tí ó ṣẹ́ kù lẹ́ẹ̀kan nìyí. Bí agbára tuntun bá ṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn lórí òkè, ọkọ̀ tí ó ń fi táyà ẹ̀yìn nìkan rìn kò ní lè lọ síwájú mọ́, bíréèkì ọwọ́ kò sì ní lè dì í mú pẹ̀lú, nítorí irin kan náà ni àwọn méjèèjì gbẹ́kẹ̀ lé. Awakọ̀ tí ó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, kí ó ti kó táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iṣẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ọkọ̀ ga wọ inú èyí náà. Ẹni tí ó bá ti ná owó sí ẹ́ńjìnnì tuntun kì í pẹ́ fẹ́ kí ọkọ̀ náà ga, kí ikùn rẹ̀ má baà máa wọ́ lórí ebè àárín ọ̀nà. Ìfẹ́ náà tọ̀nà. Sísọ táyà di èyí tí ó ga díẹ̀, àti fífi sípíríìnì tí ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí íǹṣì méjì, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí ó kọjá bẹ́ẹ̀ ní owó orí tirẹ̀. Oríkèé ṣáfùtì yóò máa ṣiṣẹ́ ní ìtẹ̀sí tí wọn kò ṣe é fún. Áàsìlì iwájú lè yí ìdúró rẹ̀ padà, tí ìdarí kò fi ní máa padà sí àárín fúnra rẹ̀. Rọ́bà tí ó gbé omi bíréèkì lọ sí táyà yóò kúrú jù. Bí táyà kan bá já sínú kòtò, rọ́bà náà yóò na tán, ó sì lè já. Ọkọ̀ tí ó ga tí wọ́n tún di ẹrù sí lórí gíga gíga kò pẹ́ dojú dé ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ga nítorí ojú ayé nìkan. Kí irú wọn máa gbé e nínú ìlú, kí wọ́n má fi kó èrò oko.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ìjọba ti fi iye owó dísù sílẹ̀ fún ọjà tipẹ́ ṣáájú oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ó yọ owó ìrànwọ́ orí pẹtiróòlù, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé dísù ni yóò máa dín owó. Ìṣirò kan ni ó wà. Bí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù bá ń mu lítà 17 ní 100 kìlómítà, tí ti dísù sì ń mu 11, èrè wà níwọ̀n ìgbà tí lítà dísù kò bá ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lítà pẹtiróòlù lọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, èrè ti tán, àfi ti agbára nínú ẹrẹ̀. Kí onímọ́tò sì ka iye kìlómítà tí ó ń rìn lọ́dún, nítorí pé ọkọ̀ tí ń lọ oko lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dá owó ẹ́ńjìnnì padà.

Ìwé ọkọ̀ náà ń fẹ́ àtúnṣe. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé, ó wà lára ẹ́ńjìnnì. Bí àwọn méjèèjì bá yàtọ̀, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Kí ẹni tí ó ra ẹ́ńjìnnì gba rìsíìtì tí ó ní nọ́ńbà náà nínú, kí ó mú un lọ sí ọ́fíìsì tí ń fún ni ní ìwé ọkọ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwọn VIO yẹ ọkọ̀ náà wò.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n di àpò iyanrìn sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kí ó wúwo tó bí ìgbà tí ó bá ń ti oko bọ̀, kí wọ́n sì wá ìdàgẹ̀rẹ̀ kan tí kò sí ènìyàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́ níbẹ̀, kí wọ́n rí i bóyá yóò dì í. Kí wọ́n tún padà sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí awakọ̀ tẹ pẹ́dà bíréèkì ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà títí yóò fi le, kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i síbẹ̀, kí ó sì jí ẹ́ńjìnnì. Bí pọ́ńpù afafẹ́fẹ́ bá ń ṣiṣẹ́, pẹ́dà náà yóò wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá wọlẹ̀, kí àpò iyanrìn ṣì wà ní ipò èrò.